Kí akọ tó gun abo: bí a ṣe ń yẹ ojúlówó ajá wò kí a tó mú un bímọ

Bàbá kan ní Modákẹ́kẹ́ ló là mí lójú. Mo ta ọmọ ajá German Shepherd kan fún wọn, akọ, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo. Nígbà tó pé ọmọ oṣù mẹ́jọ, Bàbá pè mí lórí fóònù: “Ọmọ mi, ajá tí o tà fún mi ń fò bí ehoro. Ṣé bí irú wọn ṣe ń sáré nìyẹn?”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wá wò ó.” Mo gun ọ̀kadà lọ. Ajá náà rí mi, ó fẹ́ sáré wá pàdé mi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì sì ń gbéra pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í tẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tó fẹ́ jókòó, díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ìdí kalẹ̀, bí àgbàlagbà tí làkúrègbé ń yọ lẹ́nu. Ọmọ oṣù mẹ́jọ!

Ìwé ìran bàbá àti ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ àwọn baba ńlá wọn kún inú rẹ̀ dé ìran kẹta. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹnikẹ́ni ti ya fọ́tò egungun ìbàdí wọn rí, èmi náà kò sì bèèrè. Mo dá owó Bàbá padà. Wọ́n gba owó, wọ́n ní ajá náà kò kúrò nílé àwọn mọ́, àwọn ti fẹ́ràn rẹ̀.

Láyé àwọn baba wa, ìdílé kì í fi ọmọ fún ìdílé láìṣe ìwádìí. Alárinà á wọ àdúgbò lọ, á rọra bèèrè: ṣé kò sí wàrápá nílé yẹn? Ṣé ẹ̀tẹ̀ kò bá wọn jà rí? Lóde òní, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń bèèrè ìwé jẹnotáìpù kí wọ́n tó so ọkọ àti aya pọ̀. Ajá kò lè ṣe ìwádìí fún ara rẹ̀. Àwa tí a di okùn mú ni alárinà wọn.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é ní Parakin, nílùú Ifẹ̀ níbí, ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ó bá German Shepherd, Rottweiler, Boerboel àti Caucasian mu jù, nítorí àwọn ni mo mọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sin Lhasa náà á rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kàlẹ́ńdà

Abo ajá máa ń wọ hítì, ìyẹn ìgbà tó ń wá akọ, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí méje síra, á sì lo tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń kán sílẹ̀ ni onílé ń sáré wá akọ kiri. Ó ti pẹ́ nígbà yẹn. Àyẹ̀wò kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáni lójú, ìtọ́jú kan sì wà tí a kò gbọ́dọ̀ fún ajá tó ti lóyún. Ọjọ́ tí hítì tó kọjá parí ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ ka oṣù mẹ́ta sí i, ọ̀sẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi hítì àkọ́kọ́ mú un bímọ. Èmi kì í jẹ́ kí abo ajá ńlá bímọ kó tó pé ọdún méjì, nítorí egungun rẹ̀ kò tíì dúró. OFA, àjọ Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1966 tó ń ka fọ́tò egungun ìbàdí ajá, kì í fúnni ní èsì àṣekágbá títí ajá á fi pé oṣù 24.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ lo ojú àti ọwọ́ yín

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mú ajá náà síta láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ èrìgì rẹ̀ kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Ibẹ̀ á funfun, ó sì yẹ kí ó padà pọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí èrìgì bá funfun bí ẹ̀kọ, ẹ̀jẹ̀ kò tó lára ajá yẹn. Bí èrìgì rẹ̀ bá dúdú látilẹ̀wá, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀.

Ẹ fi ìka wá kókó lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, níwájú èjìká, àti lẹ́yìn orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kókó tó wú níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Ẹ wá eégbọn nínú etí, láàárín ìka ẹsẹ̀, lábẹ́ ìrù. Ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ wo bí eyín òkè ṣe bá ti ìsàlẹ̀ mu.

Ti akọ, ẹ ka kórópọ̀n rẹ̀. Méjì ni kí ó jẹ́, kí méjèèjì sì ti wà nínú àpò wọn kí ó tó pé oṣù mẹ́fà. Bí ọ̀kan bá ṣì fara pamọ́ sínú ikùn lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ má jẹ́ kí ó gun abo kankan, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ìran ni àléébù yẹn ń bá lọ.

Kí ẹnì kan wá fà á lọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ dúró lẹ́yìn kí ẹ máa wò. Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé ara wọn? Ṣé ó ń yẹra fún ẹsẹ̀ kan? Ẹ wo ìwà rẹ̀ náà. Ajá tí àlejò kan kò ṣe nǹkan kan fún tó sì ń gbọ̀n, tàbí tó ń bu ọmọ ilé jẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ lè jogún ìwà náà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ̀jẹ̀ ni owó àkọ́kọ́

Bí owó yín bá kéré, orí ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an lé, kí DNA, ìyẹn àyẹ̀wò àrùn ìran, dúró dìgbà mìíràn. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń kọ̀wé láti òkè òkun kì í tò ó báyìí. Eégbọn tiwa kì í sinmi. Ó ń gbé Babesia àti Ehrlichia, kòkòrò àìfojúrí méjì tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, wọ ara ajá, ajá sì lè ru wọ́n fún oṣù púpọ̀ kí ó máa jẹun, kí ó máa gbó, kí ẹnikẹ́ni má fura. Wàhálà oyún ló máa ń jí wọn dìde.

Dókítà ẹran á fi abẹ́rẹ́ gún etí ajá ní góńgó rẹ̀, á tẹ ẹ̀jẹ̀ kán kan sórí gíláàsì, á fà á kí ó fẹ́lẹ́, á fi aró kùn ún, á sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi. Wọ́n jẹ́ kí n yọjú wò ó nígbà kan. Inú ẹ̀jẹ̀ pupa roboto ni Babesia wà, méjì méjì, bí ẹ̀kán omijé tó fi orí kan orí. Ẹ ní kí wọ́n ka PCV mọ́ ọn, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa. Ti ajá tó dá ṣáká máa ń wà láàárín 37 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ehrlichia ṣòro láti rí lórí gíláàsì, ṣùgbọ́n bí àwọn ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì bá ti dínkù gan-an, tàbí imú ajá ti ṣẹ̀jẹ̀ rí láìgbá nǹkan, kí dókítà wá a dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n wo trypanosome náà, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí eṣinṣin tsetse ń gbé, pàápàá bí ojú ajá bá funfun bí ẹni fi wàrà sí i.

Ìdí tó fi jẹ́ pé kí oyún tó dé ni a ń ṣe èyí: doxycycline tí wọ́n fi ń wo Ehrlichia lè ba eyín àti egungun ọmọ inú jẹ́. Babesia fúnra rẹ̀ sì lè ti inú ìyá wọ ọmọ.

Lọ́jọ́ kan náà, ẹ mú ìgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò aràn, kí ẹ sì wo ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Bí ti parvo, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, tàbí ti dìgbòlugi bá ti tó àkókò, kí ó gbà á kí akọ tó gùn ún. Inú wàrà àkọ́kọ́ ni ọmọ ti ń rí ààbò gbà lára ìyá.

Ìgbésẹ̀ 4: Brucella, àrùn tí kì í pariwo

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lágéré ní abo Rottweiler tó ṣe é fi yangàn. Ó lóyún, ikùn rẹ̀ yọ, ó ń jẹun dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí ọjọ́ 50, wọ́n jí bá ọmọ mẹ́fà lórí símẹ́ǹtì, wọ́n ti kú, omi aláwọ̀ eérú sì ń tẹ̀ lé wọn. Ìyá wọn kò gbóná, kò ṣàárẹ̀, ó ń jù ìrù. Ẹni tó rí i á rò pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, tàbí pé ayé ló ṣe é. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, Brucella ni. Akọ tí wọ́n yá ló kó o fún un, akọ náà sì ti gun abo mìíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Brucella canis ni orúkọ kòkòrò náà. Ó máa ń ba oyún jẹ́ láàárín ọjọ́ 45 sí 59. Ó ń mú kí kórópọ̀n akọ wú, lẹ́yìn náà kí ó rọ. Ó ń ràn nípa gígùn, nípa omi tó ń jáde lójú ara, nípa ìtọ̀ pàápàá. Kò sí oògùn tó dájú pé ó ń lé e tán lára ajá. Ó lè fara pamọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú, kí ó tún yọjú.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń wá a. Wọ́n á po omi ara ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ oògùn àyẹ̀wò lórí gíláàsì, bí ó bá ṣù pọ̀ bí ògì tó dì, ó ṣeé ṣe kí ó wà níbẹ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe, nítorí àyẹ̀wò kíákíá yìí máa ń fi ẹ̀sùn kan ajá tí kò ní in. Ẹ má pa ajá, ẹ má sì tà á nítorí èsì kan ṣoṣo. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀nà mìíràn jẹ́rìí sí i. Bí èsì bá sì ní kò sí, tí ajá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yín tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun ajá mìíràn, ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, torí pé ara ajá ń pẹ́ kó tó fi àmì àrùn náà hàn nínú ẹ̀jẹ̀.

Ènìyàn lè kó o. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ àti ìrora oríkèé ara ló máa ń fi ṣe wá. Bí oyún ajá bá wálẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí aláboyún ilé má sún mọ́ ibẹ̀ rárá, kí ẹ sì sọ fún dókítà tiyín pẹ̀lú bí ara yín bá ń gbóná.

Kí ẹ tó kúrò níwájú dókítà, ẹ ní kí ó wo ojú ara abo àti nǹkan ọmọkùnrin akọ fún TVT, jẹjẹrẹ tó ń ti ara ajá kan bọ́ sára èkejì nígbà tí wọ́n bá ń gun ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán nígbà tí kì í ṣe hítì ni àmì rẹ̀, pẹ̀lú kókó pupa tó rí ṣákáṣàka tó sì tètè ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wọ́pọ̀ níbi tí ajá bá ti ń rìn kiri àdúgbò. Ó ṣeé wò, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Abẹ́rẹ́ vincristine lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan máa ń gbá a lọ, ṣùgbọ́n oògùn líle ni, dókítà nìkan ló gbọ́dọ̀ fún un, kì í sì í ṣe fún ajá tó lóyún.

Ìgbésẹ̀ 5: Fọ́tò egungun ìbàdí

Ibi tí ọmọ ajá Bàbá ti ṣubú nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Orí egungun itan àti ihò tó ń wọ̀ nínú egungun ìbàdí dà bí ọmọ odó àti odó. Bí odó bá jìn tí orí ọmọ odó sì rí roboto, wọ́n á dì mọ́ra. Lára ajá tó ní hip dysplasia, odó náà kò jìn, ọmọ odó ń yọ̀ gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀, eegun ń họ eegun lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ irú ajá bẹ́ẹ̀ ń rìn dáadáa lójú, tí ẹ bá ní kí n fi ojú lásán mọ̀ ọ́n, n kò lè mọ̀ ọ́n. X-ray ni.

Kò sí dídọ́gbọ́n sí bí wọ́n ṣe ń yà á. Ajá á dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì gbọọrọ kí wọ́n dọ́gba, wọ́n á yí orúnkún sínú díẹ̀ kí egungun kékeré orí orúnkún bọ́ sáàárín gan-an. Kò sí ajá tó máa gbà bẹ́ẹ̀ láìsùn, nítorí náà wọ́n ń fi oògùn mú un sùn. Ẹ má fún un lóúnjẹ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí fọ́tò bá wọ́, tí ìdí kan ga ju èkejì, ẹ ní kí wọ́n tún un yà kí ajá tó jí. Nọ́ńbà ike ìdánimọ̀ tó wà lábẹ́ awọ rẹ̀ àti ọjọ́ gbọ́dọ̀ hàn lórí fọ́tò náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ló mọ̀ bóyá ajá yín ni?

Ẹ má ṣe é nígbà hítì, tàbí nígbà oyún, tàbí nígbà tó ń fún ọmọ lọ́mú. Omi ara ìgbà yẹn ń mú kí oríkèé rẹ̀ tú, èsì á sì burú ju bó ṣe rí lọ. Ẹ jẹ́ kí ó tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ẹkọ́ṣẹ́ àwọn dókítà ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ló sún mọ́ wa jù níhìn-ín. Ẹ fóònù kí ẹ tó gbéra. Bí ó bá sì ti sùn tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ìgbọ̀nwọ́ iwájú méjèèjì mọ́ ọn, oorun kan náà ni.

Lórí ìwé àwọn ajá tó wá láti Yúróòpù, A ni ìbàdí tó dára, B súnmọ́ ọn, C ti ní àléébù díẹ̀, D àti E ti bàjẹ́. Ti ìgbọ̀nwọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti 0, tó dára, títí dé 3. Ìwé German Shepherd láti Jámánì lè gbé “a normal”, “a fast normal” tàbí “a noch zugelassen”. Ìkẹta yẹn túmọ̀ sí pé wọ́n ṣì gbà á láyè, kì í ṣe pé ó dára tán. Ìpinnu tèmi: A àti B ni mò ń jẹ́ kí ó bímọ. C, mo lè jẹ́ kí ó bá A nìkan bímọ bí gbogbo nǹkan yòókù lára rẹ̀ bá peregedé. D àti E, rárá, kí ó máa ṣọ́ ilé kí a sì máa fẹ́ràn rẹ̀.

Òbí méjì tó dára ṣì lè bí ọmọ tí ìbàdí rẹ̀ kò dára, nítorí ohun púpọ̀ ló ń pàdé nínú ìran láti fà á, oúnjẹ àti ilẹ̀ sì ń dá sí i. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi Labrador 48 ṣe ìwádìí. Àwọn tí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti kékeré ni ìbàdí wọn pẹ́ kó tó bàjẹ́, wọ́n sì fi nǹkan bí ọdún méjì pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun bíbọ́ ọmọ ajá bọ̀kọ̀tọ̀ nítorí fọ́tò tí a fẹ́ fi tà á. Ilé tí táìsì bá wà, ẹ tẹ́ rọ́gì sí ibi tó ti ń sáré.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọkàn, ojú, orúnkún

Irú ajá ló ń sọ èyí tí ẹ máa yẹ̀ wò. Rottweiler àti Boxer, kí dókítà gbọ́ ìró ọkàn wọn nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Bí ìró àjèjì bá wà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Doberman gba kí a máa yẹ ọkàn rẹ̀ wò lọ́dọọdún, torí àìsàn ọkàn tirẹ̀ lè yọjú lẹ́yìn tó ti bímọ. Boerboel, ẹ wo ìpéǹpéjú rẹ̀ bóyá ó ká sínú tí irun ń họ ẹyinjú. Àwọn ajá kékeré bíi Lhasa, orúnkún tó ń yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà àti ojú ni.

Ìgbésẹ̀ 7: DNA, jẹnotáìpù ajá

Ẹni tó bá mọ AA, AS àti SS ti mọ iṣẹ́ yìí tán. Ọ̀pọ̀ àrùn ìran ajá ń rìn bí SS ṣe ń rìn. Ajá tí ara rẹ̀ mọ́ dà bí AA. Èyí tó gba ẹ̀dà àléébù náà kan lọ́wọ́ òbí kan ń rù ú kiri bí AS, kò sì ṣàìsàn. Èyí tó gba méjì ló wà nínú ewu. Bí arù-ú-kiri méjì bá gun ara wọn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní ìdá kan nínú mẹ́rin láti gba méjèèjì. Bí arù-ú-kiri bá gun èyí tó mọ́, kò sí ọmọ tó máa ṣàìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì wọn á máa rù ú. Nítorí náà, ẹ má sọ arù-ú-kiri tó dára nù. Ẹ wá èyí tó mọ́ fún un.

Fún German Shepherd, SOD1 ni ẹ máa bèèrè, àléébù inú DNA tí wọ́n rí ní 2009 tó ní í ṣe pẹ̀lú àrùn tó ń mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá àgbà rọ títí á fi máa wọ́ ọ nílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ajá tó gba méjì ló ń rọ, ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti tún un bí. Fún Rottweiler, ẹ bèèrè JLPP, tó ń dí ọ̀fun ọmọ ajá tó sì ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ láti bí oṣù mẹ́ta. Doberman, ẹ bèèrè von Willebrand, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá bọ̀rọ̀.

Òwú orí igi kékeré ni wọ́n fi ń gbá inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kí ajá má jẹun, kí ọmọ má mu ọmú fún wákàtí kan ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí òwú náà gbẹ, ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ajá sí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé DNA ajá òun ní kò sí hip dysplasia, ẹ béèrè fọ́tò. Kò sí DNA kan ṣoṣo tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ìgbésẹ̀ 8: Akọ tí ẹ máa yá

Gbogbo ohun tí ẹ ṣe fún abo ni kí akọ ti ṣe. Ẹ bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí èsì Brucella rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn abo tó gùn kẹ́yìn. Tèmi nìyí.” Ẹ na tiyín sí wọn kí ẹ tó gba tiwọn. Ẹni tó bá bínú nítorí ìwé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ. Owó tí ẹ ti san fún ọkọ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ tẹ́ ìwé ìran méjèèjì sórí tábìlì. Bí orúkọ kan náà bá wà níbi bàbá àgbà ní apá méjèèjì, ẹ wá akọ mìíràn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, kí wọ́n gun ara wọn. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì ka ọjọ́ 63. Ẹ ṣe ẹ̀dà èsì bàbá àti ìyá, ẹ̀jẹ̀, Brucella, fọ́tò ìbàdí, DNA, sínú fáìlì kan fún ọmọ ajá kọ̀ọ̀kan. Èmi máa ń kọ nọ́ńbà fóònù mi sí ẹ̀yìn fáìlì náà, mo sì máa ń sọ fún ẹni tó rà á pé bí ọmọ náà bá ń fò bí ehoro ní oṣù kẹfà, tàbí ìkẹjọ, tàbí ọdún kan, kí ó pe mí lọ́jọ́ náà gan-an.